Sabon Gari Kì í Ṣe Kánò: Ìdáhùn fún Àwọn Tó Ní Gẹ̀ẹ́sì Nìkan Tó Tíṣà Lókè Ọya

"Má da ara ẹ láàmú. Sabon Gari lo máa gbé, Yorùbá kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lo sì ń lọ ṣe, kí lo fẹ́ fi Hausa ṣe?" Ohun tí ẹbí máa ń sọ nìyí bí ìwé àgùnbánirọ̀ bá gbé ọmọ wọn lọ sí Kánò, tàbí bí ilé-ìwé kan níbẹ̀ bá gbà á ní tíṣà Gẹ̀ẹ́sì. Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́, àmọ́ irọ́ ni. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ yóò pẹ́ ní Kánò láìdé Kánò, kò sì ní mọ iṣẹ́ tó gbà ṣe.

Ta ló tiẹ̀ dá Sabon Gari sílẹ̀? Ojú irin dé Kánò ní 1911. Àwọn akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti oníṣòwò láti Gúúsù ń wọ́ tẹ̀ lé e, Yorùbá sì wà lára àwọn tó ṣáájú. Ìjọba amúnisìn kò fẹ́ kí àlejò dà pọ̀ mọ́ onílé, ni wọ́n bá gé ilẹ̀ fún wọn lẹ́yìn odi ìlú. Abeokuta Road, Yoruba Road àti Ibo Road ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Òyìnbó ló pààlà yẹn. Òyìnbó ti lọ, àwa la wá ń ṣọ́ ààlà fún un.

Òyìnbó tó mọ iṣẹ́ tíṣà kò tiẹ̀ fi irú ààlà bẹ́ẹ̀ ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Hanns Vischer, ọmọ Switzerland, dá ilé-ìwé ìjọba sílẹ̀ ní Kánò ní 1909. Ó gbọ́ Hausa débi pé Ɗan Hausa, ọmọ Hausa, ni wọ́n ń pè é, ilé tó gbé sì ń jẹ́ Gidan Ɗan Hausa di òní.

Ẹ wọ kíláàsì wò. Ọmọ kan dìde, ó ní: "My bag, she is lost." Tíṣà tí kò gbọ́ Hausa á ní olódo ni. Olódo kọ́. Nínú èdè rẹ̀, gbogbo nǹkan ló ní akọ tàbí abo: abo ni báàgì, abo ni mọ́tò, akọ ni ìwé. Òfin ilé rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Ọmọ Yorùbá náà ń pe ìyá rẹ̀ ní "he", torí "ó" kan náà la fi ń pe ọkùnrin, la fi ń pe obìnrin. Tíṣà tó mọ ibi tí àṣìṣe ti ṣẹ̀ wá á fi gbólóhùn méjì tún un ṣe. Ẹni tí kò mọ̀ á gbé pàṣán, ọ̀la ni ọmọ náà á sì tún un sọ.

Wọ́n ní bí tíṣà bá ń sọ Hausa, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ á bàjẹ́. Ilé wa gan-an ni ìdáhùn wà. Ní 1970, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì wá di iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé ẹgbẹ́ wọn, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tilẹ̀ tayọ. Ṣé ohun tó gbe ọmọ Ifẹ̀ ló máa wá ṣe ọmọ Dala ní Kánò ní jàǹbá?

Ìbẹ̀rù ni àwíjàre tó wúwo jù, n kò sì ní fi ṣeré. Ní May 1953, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Kánò, ìjọba ka òkú 36. Ní 1966, wọ́n pa àwọn Ígbò nípakúpa. Ní March 2013, bọ́ǹbù dún ní gáréèjì New Road. Àmọ́ ẹ wo ibi tó ti ṣẹlẹ̀: Sabon Gari ni wọ́n ti ja ìjà 1953, ibẹ̀ ni wọ́n ti lé àwọn Ígbò bá ní 1966, ibẹ̀ náà ni gáréèjì wà. Ibi tí àlejò bá kó ara wọn jọ sí ni ẹni tó ń wá àlejò máa kọ́kọ́ yà sí. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ibẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wà, mọ́ṣáláṣí wà, àmàlà wà. Ẹ máa sùn níbẹ̀, ẹ má sọ pé ibẹ̀ ni ayé pin sí.

Ní yàrá àwọn tíṣà, ẹni tó ju "good morning" sílẹ̀ tó sì jókòó, òun nìkan ni yóò máa jókòó. Ina kwana, ina gida, ina aiki, ina gajiya: wọ́n á kí ọ kú oorun, wọ́n á kí ọ kú ilé, kú iṣẹ́, kú àárẹ̀. Yorùbá wo ló máa ní irú ìkíni yìí ṣàjèjì sí òun? Àlejò lójú, kò fi ríran ni kò jẹ́ ká mọ̀ pé ọmọ ìyá wa ló ń kí wa.

Nítorí náà, kí tíṣà tó ń bọ̀ ní Kánò bẹ̀rẹ̀ Hausa lọ́jọ́ tó dé. Kó fi ná ọjà, kó fi dá adaidaita sahu, ìyẹn kẹ̀kẹ́ márúwá, dúró, kó jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì tún un ṣe fún òun. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, kó bá wọn rẹ́rìn-ín. Tíṣà tí ojú ń tì láti ṣi Hausa sọ níwájú ọmọ, kò lẹ́nu láti ní kí ọmọ náà má bẹ̀rù Gẹ̀ẹ́sì.