Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Fọ́tò Tí Kò Ní Sọnù

Lẹ́tà mẹ́ta lórí fọ́tò yíyà la mú lóṣù yìí nínú èyí tí ẹ kọ láti Ọ̀rẹ̀ àti Òdìgbó.

ÌBÉÈRÈ: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fọ́tò yíyà ni. Bí mo bá ya ìyá mi níwájú fèrèsé, ojú wọn a dúdú, ìta nìkan ni yóò mọ́lẹ̀. Ṣé kámẹ́rà mi ti bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn wọn ló tan kámẹ́rà jẹ, tí ó fi dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ẹ jẹ́ kí màmá kọjú sí fèrèsé, kí ẹ̀yin kẹ́yìn sí i. Bí ó bá jẹ́ fóònù, ẹ fi ìka kan ojú wọn lórí gíláàsì rẹ̀ kí ẹ tó yà á. Lọ́sàn-án gangan, abẹ́ ìbòòji ló dára.

Ẹ má sì rò pé àwọ̀ wa ló lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé-iṣẹ́ Kodak fi ń fún àwọn tó ń fọ fọ́tò ní káàdì kan tí wọ́n ń pè ní Shirley. Àwòrán obìnrin òyìnbó ló wà lórí rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń díwọ̀n àwọ̀. Lẹ́yìn ọdún 1990 ni wọ́n tó ṣe èyí tí obìnrin aláwọ̀ dúdú náà wà nínú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fọ́tò. Kí ni nǹkan bí òwú aláǹtakùn tó wà nínú lẹ́ǹsì mi?

ÌDÁHÙN: Ọ̀rinrin ló fà á. Ilẹ̀ igbó lẹ wà, òjò yín sì pọ̀. Irú ohun tó ń hù sára búrẹ́dì tó ti pẹ́ ni, ó sì lè jẹ gíláàsì. Ẹ gbé lẹ́ǹsì kúrò nínú àpò awọ, kí ẹ fi í sínú ike tó ní ìdérí dáadáa, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà. Ẹ máa pààrọ̀ wọn. Èyí tó ti hù, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú. Nígbà ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ fẹ́ eruku òpópónà kúrò kí ẹ tó nù ún, kí ó má baà ha.

ÌBÉÈRÈ: Màmá wa ṣaláìsí. Fóònù tí fọ́tò wọn wà nínú rẹ̀ sì já sómi. Ti káàdì ìdìbò nìkan ló kù.

ÌDÁHÙN: A bá yín kẹ́dùn gidigidi. Ó yé wa, nítorí fọ́tò bàbá tiwa náà bá káàdì kámẹ́rà kan lọ. Ẹ má tan fóònù náà mọ́, ẹ má sì gbé e sí iná. Bí káàdì bá wà nínú rẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, ẹ dán an wò nínú fóònù mìíràn. Kí ẹ gbé fóònù fún ẹni tó ń tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹbí, ará ìjọ àti àwọn tó ya fọ́tò ìgbéyàwó tí màmá lọ. Ẹnì kan lè ní wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà, ẹ má dúró di ọjọ́ ìsìnkú. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú wọn wá síwájú fèrèsé, ẹ yà wọ́n. Ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan sí àbúrò, kí ẹ sì tẹ ọ̀kan sórí pépà. Ẹ kọ orúkọ wọn àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀, nítorí ọmọ-ọmọ tí yóò bèèrè ṣì ń bọ̀.

Olúwa yóò dá àwọn òbí wa sí. Àmín.