Nígbà Tí A Bá Lọ Sóko, Kí Ni A Fi Sílẹ̀?



Lọ́jọ́ kan, àwa mélòó kan kó àwọn ọmọ wa lọ sí Alajue ní Ẹdẹ, kí wọ́n lè mọ bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń di gàrí. Ìyá àgbà kan gbà wá lálejò. Ó jẹ́ kí àwọn ọmọ fa ẹ̀gẹ́ tu, kí wọ́n bó o, ó sì yan èyí tó ti rin tó sì ti fún sílẹ̀ lójú wọn. Inú wọn dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìrẹsì àti omi inú ọ̀rá tí a rà ní Òṣogbo ni a jẹ, tí a mu, lábẹ́ igi ìyá náà. Nígbà tí a wọ mọ́tò, ìyá ló fi ìgbálẹ̀ kó ọ̀rá tí a jù sílẹ̀. Ojú tì wá: nínú gbogbo owó tí a ná lọ́jọ́ náà, kọ́bọ̀ kan kò wọ Alajue.

Ará, èyí kò yẹ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń fi oko baba wọn sílẹ̀ nítorí pé wọn kò rówó níbẹ̀.

Ẹ wo Songhai ní Àjàṣẹ́, tí a tún ń pè ní Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin. Ní ọdún 1985 ni àlùfáà Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, dá a sílẹ̀ lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan. Ìgbẹ́ ẹran ibẹ̀ ń di ajílẹ̀ àti gáàsì ìdáná, ìdin tí wọ́n ń sìn ń di oúnjẹ ẹja, àwọn ọ̀dọ́ sì ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Àlejò ń lọ wò ó. Wọ́n ń sùn níbẹ̀, wọ́n ń jẹ ohun tí oko náà mú jáde, wọ́n sì ń rà lọ sílé.

Kò dìgbà tí Alajue bá tó Songhai kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ránṣẹ́ síwájú sí àwọn àgbà abúlé. Kí a fẹnu kò lórí iye tí a ó san àti ẹni tí yóò gbà á. Kí àwọn ìyá ibẹ̀ se oúnjẹ wa, kí a sì sanwó rẹ̀. Kí a ra gàrí àti epo lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Kí a sì kó ọ̀rá wa padà.

Bóásì pàṣẹ kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkà sílẹ̀ fún Rúùtù, àlejò inú oko. Àwa àlejò òde òní, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan sílẹ̀ fún olóko.

A ti padà sọ́dọ̀ ìyá náà. Lọ́tẹ̀ yìí, àmàlà rẹ̀ ni a jẹ, a sì sanwó. Olúwa yóò bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín. Àmín.