Ẹnà Inú Búkà

Bí a bá wọ búkà kan ní Jakande ní Lẹ́kì, tàbí ní ọjà Ajah, lọ́wọ́ ọ̀sán, ẹnu àwọn tó ń bu oúnjẹ kì í sinmi: "Àbùlà kan, ṣàkì kan, ráńdàbáòtù méjì!" Àlejò lè rò pé ojú ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń sọ. Rárá o. Àbùlà ni àmàlà tí a bu gbẹ̀gìrì àti ewédú lé. Ṣàkì ni inú màlúù tó rí bí táwẹ́ẹ̀lì. Ráńdàbáòtù ni ìfun rẹ̀ tó ká roboto. Ẹnà yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ó ń mú iṣẹ́ yá ni.

Ó wà lókè òkun pẹ̀lú. Ní àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, bí agbáwo bá ké pé "Adam and Eve on a raft", ẹyin méjì lórí búrẹ́dì yíyan ló ń béèrè. "Noah's boy" ni ẹran ẹlẹ́dẹ̀, nítorí pé orúkọ ẹran náà lédè Gẹ̀ẹ́sì bá ti Hámù ọmọ Nóà dọ́gba. "86" sì ni pé oúnjẹ ti tán. Ẹ ò rí i pé Bíbélì wọ ilé ìdáná!

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Ní Kàlàbá àti Akwa Ibom, "404", orúkọ mọ́tò Peugeot àtijọ́ kan, ni wọ́n ń pe ẹran ajá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń béèrè rẹ̀. Àlejò tí kò jẹ ajá ńkọ́? Bó bá béèrè, òtítọ́ ni kó gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní òun kì í jẹ ẹ̀pà tàbí edé. Ẹ má ṣe pè é ní alásejù, nítorí ó lè pa ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ìyá olóúnjẹ, ẹ kọ́ àwọn ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Bí lébìrà kan bá ra ìrẹsì láìsí ẹran, kí wọ́n má pariwo rẹ̀ sétí gbogbo èèyàn. Owó tó wà lápò rẹ̀ ló ná. Kí wọ́n má sì fi ẹnà bú oníbàárà lójú ara rẹ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n ń rín yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Kí ẹnà bo àṣírí aláìní. Kó má ṣe bo ohun tó wà nínú ìkòkò. Ó dìgbà kan ná.