Kí Ni Oògùn Náà Wá Ṣe?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú fún obìnrin kan láàárín wa, tí ó ń di ọjà sí páálí. Kókó náà kúrò. Nígbà tí dókítà wá ní kí ó máa bọ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta fún abẹ́rẹ́ kímò, ó kọ̀. Ó ní wọ́n ti gé ohun tí ó ń da òun láàmú, owó òun nìkan ni ó kù tí wọ́n ń wá. Títí di bí a ti ń kọ èyí, kò tíì padà lọ.

A kò dá a lẹ́bi, nítorí kò sẹ́ni tí ó là á yé e pé iṣẹ́ kímò kò jẹ́ ọ̀kan. Ìwọ̀nba jẹjẹrẹ tí ojú àti ẹ̀rọ kò rí lè ti bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibòmíràn nínú ara. Àwọn wọ̀nyí ni abẹ́rẹ́ tirẹ̀ ń lépa, kí àrùn má bàa padà. Ẹni tí ó bá ti hu èpò rí mọ̀ pé irúgbìn rẹ̀ lè kù nílẹ̀. Fún ẹlòmíràn, ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń fún un, kí kókó lè súnkì.

Àwọn jẹjẹrẹ kan sì wà tí oògùn lè mú kúrò pátápátá. Ní 1956 ni Min Chiu Li àti Roy Hertz ní Amẹ́ríkà fi hàn pé methotrexate lè ṣẹ́gun irú èyí tí ó ń ti ibi ọmọ wá. Jẹjẹrẹ Burkitt, tí ó máa ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé nílẹ̀ Áfíríkà, kímò ni wọ́n fi ń wò ó sàn.

Èyí tí ó nira láti sọ ni ẹ̀kẹta. Bí àrùn bá ti tàn dé egungun tàbí ẹ̀dọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kímò kò ní lè mú un kúrò mọ́. Ó lè dín ìrora kù, ó lè jẹ́ kí ènìyàn mí dáadáa, ó lè fi oṣù tàbí ọdún kún ọjọ́ rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kan tí a mọ̀ ta ọkọ̀ tí ó fi ń jẹun, nítorí ó rò pé bí abẹ́rẹ́ mẹ́fà bá pé, àrùn tán. Àwọn ẹbí mọ̀. Wọ́n fi pamọ́ fún un. Àwa kò fara mọ́ irú àánú bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ ni, ọkọ̀ rẹ̀ ni; òun ni ó yẹ kí ó yàn.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi dókítà: ṣé kí àrùn yìí lè tán ni, àbí kí ó má bàa padà, àbí kí ara lè tù mí? Bí kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ mú ẹni tí yóò túmọ̀ dání.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ (a mọ̀ pé ẹ ń ka ìwé yìí), ọjọ́ abẹ́rẹ́ kì í ṣe ọjọ́ ìsáǹsá. Ẹ má gé owó ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀.

Ó ku ọ̀kan. Oògùn náà máa ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù. Bí ara ẹni tí ó ń gbà á bá gbóná, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru. Kí ó má ṣe lo oògùn ibà nílé kí ó máa dúró de òwúrọ̀.