*Ẹ̀RỌ Ọ́SÍJÌN LÁÌSÍ INÁ, ẸRÙ LÁSÁN NI*



Bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá ra ẹ̀rọ ọ́síjìn, tí wọ́n fi ta ilé ìwòsàn lọ́rẹ, inú wa á dùn. Ó dára. Ṣùgbọ́n iná dà?

Ẹ̀rọ yìí kì í tọ́jú ọ́síjìn pamọ́ bíi sílíńdà. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí ló ń fà sínú. Nǹkan bí 21% péré ni ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ náà. Ẹ̀rọ á sẹ́ náítírójìn kúrò, ọ́síjìn á wá tó nǹkan bí 93%. Tí iná bá lọ, iṣẹ́ dúró. Ọmọ tí òtútù àyà ń bá jà kò sì lè sọ fún èémí rẹ̀ pé kó dúró de iná.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú oore yìí, kó ra sólà àti bátìrì mọ́ ọn. Kó fi sílíńdà kan tì í, nítorí ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́. Kí ilé ìwòsàn náà yan ẹni tí yóò máa fọ asẹ́ rẹ̀ déédéé, torí eruku ni ọ̀tá rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín kí wọ́n tó náwó.