Ẹ Bá Wọn Dúró

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Òní ni ká bẹ̀rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, ẹnìkan wà tó ti ń gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti bí ọdún mélòó kan. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọ ló ń wá, tàbí iṣẹ́. Àdúrà ò tíì sú u. Àwa la fẹ́ mú kó sú u.

"Ìgbà wo la máa wá jẹ ìrẹsì?" "Ṣé ò ń gbààwẹ̀ dáadáa ṣá?" "Wòlíì kan wà níbì kan, tiẹ̀ kì í pẹ́." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tì. Ohun tí Pẹ̀nínà ń ṣe fún Hánà, orogún ẹ̀ tó ń wá ọmọ, lọ́dọọdún nìyẹn, títí obìnrin náà ò fi lè jẹun mọ́. Ní Ṣílò, ó ń gbàdúrà, ètè ẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde. Àlùfáà Élì ní ọtí ló ń pa á. Ọkọ ẹ̀ ló tiẹ̀ gbìyànjú díẹ̀, àfi bó ṣe tún ń ní òun sàn fún un ju ọmọ mẹ́wàá lọ! Èèyàn yí i ká, kò sẹ́ni tó bá a dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń darí àdúrà, tiyín rèé. Ẹ yé dá oṣù fún Ọlọ́run. "Oṣù yìí ò ní kọjá." Oṣù á kọjá. Ẹni tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún á bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́yìn. Tó bá yá, ẹ ò ní rí i mọ́.

A fẹ́ràn ìtàn ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà, lọ́dún 1930, bí èrò ṣe ya bo ajíhìnrere Joseph Ayọ̀ Babalọlá. A kì í sábà dárúkọ àwọn tó ti ń kóra jọ gbàdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde láti 1918, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn. Ọdún 12 ló wà láàárín ìgbà yẹn àti ìsọjí náà. Wọ́n tiẹ̀ kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà láàárín ìgbà náà, wọ́n ṣì ń pàdé, wọ́n ṣì ń bẹ̀bẹ̀. (Wọ́n kọ oògùn lílò; ẹ̀yin ẹ má kọ̀ ọ́ o. Bẹ́nì kan bá ń ṣàìsàn, ẹ bá a dé ọsibítù.)

Ó yá. Ẹ mú bébà. Ẹ kọ orúkọ ẹnìkan péré sí i, kì í ṣe ogún. Ẹ fi sínú Bíbélì. Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ pe orúkọ náà níwájú Ọlọ́run kẹ́ ẹ tó tan fóònù. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe àmín, ẹ má tíì dìde. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ọlọ́run ò dití.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo ẹni náà nílé. Ìgbà méje ni wòlíì Èlíjà rán ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀ lọ wojú òkun bóyá òjò ń bọ̀. Èlíjà la máa ń yìn, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn lẹsẹ̀ ń ro, ó ṣáà ń lọ. Irú ẹ̀ là ń wá.

Ẹ gbé ọbẹ̀ díẹ̀ dání. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́. Tó bá dákẹ́, ẹ bá a dákẹ́. Tí kò bá bi yín, ẹ má gbà á nímọ̀ràn. Ẹ tún padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí ohunkóhun ò tilẹ̀ yí padà.

Ẹ ti mọ ẹni tí mò ń wí. Ẹ pè é kílẹ̀ tó ṣú.