Àlàfo Etí Ilẹ̀kùn: Ẹ Má Tí ì Gé E

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Nípa ilé ni àwọn àgbà sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó bá iṣẹ́ àwọn tí ń tún ara ọkọ̀ ṣe mu pẹ̀lú. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a yẹ ohun kékeré kan wò lónìí: àlàfo tó yí ilẹ̀kùn ọkọ̀ àtijọ́ ká. Bí ó bá fẹ̀ níbì kan tí ó há níbòmíràn, ọ̀pọ̀ ènìyàn a ní ilẹ̀kùn ló wọ́. Àwa ní kí ẹ má tí ì dá ilẹ̀kùn lẹ́bi.

Ẹ wo MGB, ọkọ̀ afẹ́ kékeré tó mọ eré í sá, tí wọ́n ṣe ní Abingdon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1962 títí di 1980. Èyí tí wọ́n ṣe ju 500,000 lọ. Ọkọ̀ náà kò ní férémù ọ̀tọ̀ lábẹ́. Ara rẹ̀ ni ó gbé ara rẹ̀. Èyí tí kò ní òrùlé irin nínú wọn kò ní ohun tí yóò dì í mú lókè, nítorí náà àwọn irin gbọọrọ tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, lọ́tùn-ún àti lósì, ni wọ́n ń ru ẹrù náà. Irin wọ̀nyí ṣófo nínú. Omi àti ẹrẹ̀ a wọ inú wọn, ìpẹtà a sì jẹ wọ́n láti inú wá kí ojú tó rí i. Nígbà náà ni àárín ọkọ̀ yóò tẹ̀ sílẹ̀ bí pákó afárá tó ti rà. Òpó iwájú àti òpó ẹ̀yìn ẹnu ilẹ̀kùn yóò súnmọ́ ara wọn lókè: àlàfo yóò há lókè, yóò fẹ̀ nísàlẹ̀.

Oníṣẹ́ tó ń kánjú a gé etí ilẹ̀kùn, a fi mastic dí ibi tó fẹ̀, a sì kùn ún ní ọ̀dà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọ̀dà yóò máa dán, ṣùgbọ́n irin tó yẹ kó dáàbò bo èrò nígbà ìjàǹbá ti rà.

Kí ọkọ̀ dúró lórí táyà rẹ̀, lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Kí a wọn àlàfo lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní mílímítà. Kí a yọ rọ́bà etí ilẹ̀kùn àti irin kékeré tí ilẹ̀kùn ń há mọ́, nítorí wọ́n lè tì í tàbí kí wọ́n fà á kúrò ní ipò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí a ṣí ilẹ̀kùn, kí a gbé etí rẹ̀ sókè díẹ̀. Bí ó bá ń mì, irin àgbékọ́ rẹ̀ ló ti jẹ. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Bí kò bá mì, ẹ yẹ abẹ́ wò.

Bí irin abẹ́ bá ti rà, ẹ fi ẹ̀sọ̀ gbé àárín ọkọ̀ sókè títí àlàfo yóò fi gún, kí ẹ sì fi ọ̀pá irin de òpó iwájú mọ́ òpó ẹ̀yìn kí ẹ tó gé ohunkóhun. Ẹ parí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì. Kí ẹ tó jó irin tuntun pọ̀ pátápátá, ẹ gbé ilẹ̀kùn kọ́, ẹ tì í, ẹ tún wọn àlàfo. Ẹ̀yìn ni a ti ń bẹ̀rẹ̀: irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn MGB ni wọ́n jó mọ́ ara ọkọ̀, kò ṣeé sún; nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi de ti iwájú. Nítorí náà, a ó mú ilẹ̀kùn bá ẹ̀yìn mu, kí a tó mú iwájú bá ilẹ̀kùn mu.

Ọkọ̀ kò jọra, ṣá. Triumph TR6, tí wọ́n ṣe láti 1968 sí 1976, ní férémù tí ara rẹ̀ jókòó lé. Níbẹ̀, pẹlẹbẹ irin tín-ín-rín tí a fi sí àárín méjèèjì, tàbí tí a yọ, lè mú kí àlàfo gún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ tôlier ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, MGB lè má dé ọwọ́ yín láé, ṣùgbọ́n Peugeot 504 yóò dé, ara tirẹ̀ náà ló gbé ara rẹ̀. Bí oníbàárà bá ní kí ẹ gé ilẹ̀kùn, ẹ fi ìwọ̀n tí ẹ kọ sílẹ̀ hàn án, ẹ mú un wo abẹ́. Iṣẹ́ náà yóò gba ọjọ́, owó rẹ̀ yóò sì ju ti mastic lọ. Ẹ sọ ọ́ fún un kí òòlù tó dún.